Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tún katiríìjì ki nílé: kí ọdẹ Rẹ́mọ tó náwó lé e, kó gbọ́ ti òfin

Katiríìjì ti di góòlù lọ́wọ́ àwọn ọdẹ. Ọdẹ tó bá gbé ìbọn wọ igbó lálẹ́, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn Ìkẹ́nnẹ́ ni o, ìbáà jẹ́ lọ́nà Ògèrè, kó tó fa ọwọ́ ìbọn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ti ń ṣírò lọ́kàn: ọ̀yà tó wà níwájú yìí, ṣé owó rẹ̀ á bo owó ọta tí òun fẹ́ yìn sí i? Bí ọta bá tàsé, owó ọbẹ̀ ti fò lọ nìyẹn. Ó sì dájú pé bí ọdẹ bá bọ̀ lọ́wọ́ òfo, kì í ṣe òun nìkan ni ọjà kò tà fún. Ìyá tó ń yan ẹran ìgbẹ́ létí títì Ṣágámù náà yóò ká ọwọ́ gbera ni.

Ìdí nìyí tí ojú àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ fi ń lọ sí ohun kan tí wọ́n ń rí lórí fóònù. Ẹni tó bá ń wo àwọn fọ́nrán òyìnbó wọ̀nyí yóò ti rí bàbá kan tó jókòó sídìí tábìlì nínú ilé ara rẹ̀. Irin kékeré kan wà níwájú rẹ̀, ó ní ọwọ́ gbọọrọ bíi ti ẹ̀rọ omi. Bàbá yìí á fa ọwọ́ irin náà wálẹ̀, á tún gbé e sókè, á kó nǹkan díẹ̀ sí i, kí ẹ sì tó ṣẹ́jú, ìkarahun katiríìjì tó ti yìn láàárọ̀ ti tún di ọta tuntun. Ọdẹ tó rí èyí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló máa ń kù lẹ́nu rẹ̀: "Èwo nínú ẹ̀rọ yìí ló dáa kí n rà?"

Ìbéèrè gidi ni. Ó sì yẹ kéèyàn rí ìdáhùn gidi sí i, nítorí ẹni tí a kò bá dá lóhùn, ẹnu ẹlẹ́tàn ni yóò ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà ní ẹ̀gbọ́n kan tó yẹ ká kọ́kọ́ bi: ṣé òfin ilẹ̀ wa gbà kí ọdẹ ní ẹ̀rọ yìí nílé láti fi ṣiṣẹ́? Ẹ jẹ́ ká tú u wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

KÍ NI WỌ́N Ń TÚN KI GAN-AN?

Nǹkan mẹ́rin ló pa pọ̀ di katiríìjì. Àkọ́kọ́ ni ìkarahun rẹ̀, òun ni ilé tí àwọn yòókù ń gbé. Èkejì ni kápù kékeré tó wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí irin inú ìbọn bá gbá kápù yìí, òun ló ń ṣáná. Ẹ̀kẹta ni ètù tí iná yẹn ń ràn. Ẹ̀kẹrin ni ọta tó ń jáde lọ bá ẹran. Bí ọdẹ bá ti yìn ín, kápù ti jó, ètù ti jó, ọta ti lọ. Ìkarahun nìkan ló kù sílẹ̀. Nínú katiríìjì ráífù, ide ni wọ́n fi ń ṣe ìkarahun yìí, òun gan-an ló sì ń gba owó jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òyìnbó tó ń tún un ki kò fẹ́ sọ ide nù, ohun tó wà níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Gẹ́gẹ́ bí ìyá alágbo kì í ti í sọ ìgò nù ni.

Ẹni tó bá mọ ìbọn ṣakabùlà yóò mọ̀ pé kíki nǹkan sí ìbọn lọ́wọ́ ara ẹni kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ yìí. Ṣakabùlà kò mọ katiríìjì. Ẹnu rẹ̀ ni ọdẹ ti ń ki ètù àti ọta, ó sì ti rí bẹ́ẹ̀ láti ayé àwọn baba ńlá wa. Ilẹ̀ Rẹ́mọ pàápàá mọ iyì ètù ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ, nítorí ojú ọ̀nà tí ìbọn àti ètù ń gbà láti etí òkun lọ sí Ìbàdàn ló wà. Ní 1865, àwọn Ẹ̀gbá wá dó ti Ìkòròdú nítorí ọ̀nà yìí, torí pé Ìkòròdú kò gbà láti dẹ́kun òwò pẹ̀lú Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún náà ni àwọn ọmọ ogun tí Gómìnà Glover rán wá láti Èkó lé wọn lọ. Ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn, ní 1872, làwọn ìlú Rẹ́mọ kan para pọ̀ tẹ Ṣágámù dó, kí apá ogun má baà ká wọn mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 wá gbóná, àwọn Èkìtì Parapọ̀ rí ìbọn tuntun gbà láti Èkó, ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹ̀yìn, tó ń lo katiríìjì. Ó yá ju ṣakabùlà lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: ẹni tó ní ṣakabùlà lè wá ètù síbikíbi, ẹni tó ní ìbọn katiríìjì gbọ́dọ̀ máa wo ojú ẹni tó ń kó katiríìjì wá. Àbùkù yẹn náà ló ṣì ń dun ọdẹ títí dòní.

Ẹ̀RỌ ONÍṢẸ́ KAN ÀTI ÀWỌN ẸGBẸ́ RẸ̀

Oríṣi mẹ́ta ni ẹ̀rọ náà. Èyí tí wọ́n máa ń ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ni ẹ̀rọ oníṣẹ́ kan. Ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé dáì kan ṣoṣo ló ń gbé lórí, bí ẹ bá sì fa ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe. Ẹni tó ní ọgọ́rùn-ún ìkarahun nílẹ̀ yóò fi dáì àkọ́kọ́ ṣe gbogbo ọgọ́rùn-ún tán, kó tó yọ ọ́, kó fi òmíràn sí i fún iṣẹ́ kejì. Ó ń falẹ̀, ṣùgbọ́n ojú èèyàn wà lára ohun kọ̀ọ̀kan tó ń ṣe, àṣìṣe kò sì tètè sá pa mọ́.

Oríṣi kejì ni èyí tí orí rẹ̀ ń yí bí àwo tí wọ́n ń yí lórí tábìlì. Dáì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè wà lórí rẹ̀ papọ̀. Oríṣi kẹta ni àgbà ẹ̀rọ tó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ pa pọ̀, tí ọta tuntun kan ń jáde nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fa ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin télọ̀, ẹ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín máṣíìnì ọlọ́wọ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ àti máṣíìnì oníná tó ń sáré bí ẹṣin. Ọmọ iṣẹ́ tí ẹ bá gbé sórí ẹlẹ́ṣin lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìka ara rẹ̀ ni yóò rán.

Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó ra ẹ̀rọ oníṣẹ́ kan kò jìnnà sí ohun tí wẹ́dà tàbí mẹkáníìkì wa yóò wò bó bá fẹ́ ra irinṣẹ́.

Wọ́n á kọ́kọ́ wo irin rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi irin líle dà máa ń wúwo, kì í sì í tẹ̀. Èyí tí wọ́n fi irin fúyẹ́ bíi ti ìkòkò alumíníọ̀mù dà máa ń pọ́ọ́kú lówó, ó sì tó fún iṣẹ́ kékeré, àmọ́ kò lè rù ju agbára rẹ̀ lọ.

Wọ́n á wo ìrísí rẹ̀. Àwọn kan rí bíi lẹ́tà O, tí irin yí i po láìsí àlàfo. Àwọn mìíràn rí bíi lẹ́tà C, tí iwájú wọn là sílẹ̀. Ọwọ́ ń wọlé sínú C dáadáa, ṣùgbọ́n O ni kì í yà lẹ́nu nígbà tí èèyàn bá fi agbára fa á. Ẹ̀yin ìyá tó ń fún gàrí, ẹ mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ yín: férémù tí ẹ gbé jáàkì sí, bí kò bá lágbára, òun ni yóò kọ́kọ́ wọ́ kí omi tó jáde lára ẹ̀gẹ́.

Wọ́n á wo bóyá ihò tí dáì ń wọ̀ bá ti gbogbo ayé mu. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń ṣe dáì sí ìwọ̀n kan náà, kí ẹni tó ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ Táíwò lè ra dáì lọ́wọ́ Kẹ́hìndé. Wọ́n á wo ibi tí kápù tó ti jó ń bọ́ sí, nítorí ìdọ̀tí rẹ̀ kò dára ní ilẹ̀ ilé. Wọ́n á wo tábìlì tí wọn yóò dè é mọ́, torí ẹ̀rọ tó dára lórí tábìlì tó ń mì, iṣẹ́ rádaràda ló ń ṣe. RCBS tó bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ California ní 1943 àti Lee wà lára àwọn orúkọ tí wọ́n máa ń dá.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń wo fọ́nrán kì í sábà gbọ́. Kì í ṣe inú ẹ̀rọ ni ikú wà, inú òṣùwọ̀n ló wà. Grain ni wọ́n fi ń wọn ètù, grain 15 ló sì fẹ́ẹ̀ tó gíráàmù kan ṣoṣo. Ìyá oníṣòwò lè fi kọ́ńgò wọn ẹ̀wà, kó sì bu èènì lé e, kí oníbàárà fi ẹ̀rín lọ. Ètù kò mọ èènì. Díẹ̀ tó bá lé lórí rẹ̀ lè fa irin ìbọn ya lójú ẹni tó gbé e dání. Bẹ́ẹ̀ ni ètù yàtọ̀ sí ètù. Ètù dúdú ṣakabùlà kì í ṣe ọmọ ìyá ètù inú katiríìjì ìgbàlódé, ẹni tó bá sì fi ọ̀kan rọ́pò èkejì, ara rẹ̀ ló ń yìn.

Ẹ̀RỌ TÍ Ọ̀PỌ̀ Ń WÒ KÌ Í ṢE TI ÌBỌN WỌN

Ibí ni owó ọ̀pọ̀ èèyàn lè ti bọ́ sómi. Ẹ̀rọ oníṣẹ́ kan tí wọ́n ń fi hàn nínú ọ̀pọ̀ fọ́nrán wọ̀nyẹn, ti katiríìjì onírin ni, ìyẹn ti ráífù àti ìbọn ìléwọ́. Ìbọn tí ọdẹ ilẹ̀ yìí sì sábà máa ń lò, bí kò bá jẹ́ ṣakabùlà, ìbọn ọdẹ tó ń fọ́n ọta wẹ́wẹ́ ni, alẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì. Katiríìjì rẹ̀ kì í ṣe ide látòkèdélẹ̀. Rọ́bà tàbí páálí ló wà lókè, irin ló wà nídìí. Ẹ̀rọ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, MEC 600 Jr. àti Lee Load-All jẹ́ méjì tí wọ́n mọ̀ dáadáa nínú ẹ̀rọ oníṣẹ́ kan fún irú katiríìjì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra Rock Chucker fún ìbọn ẹlẹ́nu méjì dà bí ẹni tó ra táyà ọkọ̀ akẹ́rù fún kẹ̀kẹ́ ológeere.

Ní ti ṣakabùlà, kò sí ẹ̀rọ kankan tó fẹ́. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ẹlẹ́tàn ta irin fún ọlọ́ṣakabùlà.

WÀYÍ O, ÒFIN ŃKỌ́?

Òfin Ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti wà láti 1959. Ó pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kìíní ni àwọn tí aráàlú kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn: ìbọn arọ̀jò-ọta, ìbọn ológun, bọ́ǹbù, àti ìbọn ìléwọ́. Ìpín kejì ni ìbọn ọdẹ olóta wẹ́wẹ́ tí kì í ki ara rẹ̀, ráífù ìdọdẹ àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ní wọn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá. Ìpín kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí a ń ki láti ẹnu. Àwọn náà ní ètò ìwé àṣẹ tiwọn.

Òfin yìí sọ ẹni tí kò gbọ́dọ̀ gba ìwé náà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò lè gbà á. Ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, gbogbo wọn ni òfin ní kí wọ́n lọ jókòó.

Ohun tó kan ẹ̀rọ wa wá nìyí. Òfin náà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣe ìbọn tàbí ọta, kò gbọ́dọ̀ tò ó pọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe, àfi níbi tí ìjọba bá yọ̀ǹda. Ẹ tún un kà: kì í ṣe ìbọn nìkan ni òfin dárúkọ, ó dárúkọ ọta. Ẹni tó mú ìkarahun, tó fi kápù sí i, tó rọ ètù sí i, tó fi ọta dé e, kí ni ẹ fẹ́ kí adájọ́ pè é bí kò ṣe pé ó to ọta pọ̀? Ìwé àṣẹ láti ní ìbọn kì í ṣe ìwé àṣẹ láti ṣe ọta. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì jìn. Ìjọba dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Kàdúná ní 1964 fún ohun ìjà àwọn ọmọ ogun, ìyẹn DICON. Kì í ṣe yàrá ẹ̀yìnkùlé ọdẹ ní Ìpẹru ni wọ́n ní ká ti máa ṣe é.

"Ṣebí òyìnbó ń ṣe é?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ kò ní kí ẹni tó ń tún katiríìjì tara rẹ̀ ki gba ìwé àṣẹ, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ máa tà á gbọ́dọ̀ gbà á. Òfin tiwọn nìyẹn. Ẹni tó wà ní Màkún kò lè fi òfin California ro ẹjọ́ ní kóòtù Ṣágámù.

Àwọn kan á tún ní, "Àmọ̀tẹ́kùn ti dé, ọdẹ ti di ẹ̀ṣọ́." Òótọ́ ni pé láti oṣù Kìíní ọdún 2020 tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá ti ṣí Àmọ̀tẹ́kùn ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ ọdẹ ti wọ iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ibì kankan nínú ìyẹn tó fún ọdẹ láṣẹ láti máa ṣe ọta nílé. Kàkà bẹ́ẹ̀, ojú ọlọ́pàá ti là sí i. Láti 2006 ni àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti fọwọ́ sí àdéhùn lórí ìbọn kéékèèké, ọta sì wà nínú àdéhùn náà. Lónìí tí ajínigbé ń da ọ̀nà rú, ilé tí wọ́n bá ti rí ẹ̀rọ, kápù, ètù àti òkìtì ìkarahun, ta ni yóò gbà pé nítorí ọ̀yà ni?

ILÉ NI WÀHÁLÀ NÁÀ Ń BỌ̀ WÁ BÁ

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọkọ gbé páálí kan wọlé. Ìyàwó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ kú àbọ̀. Kí lẹ gbé bọ̀ yìí o?" Ọkọ ní, "Irin iṣẹ́ ni, Ìyá Ìbejì. Ẹ má fọwọ́ kàn án." Ọ̀rọ̀ kò yẹ kó parí síbẹ̀. Ìyàwó tó gbọ́n yóò béèrè ibi tí wọn yóò gbé ètù pa mọ́ sí, nítorí nínú ilé kan náà ni àdògán wà, ibẹ̀ ni àtùpà àti jẹnẹrétọ̀ wà, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń fi ìṣáná ṣeré. Ètù kì í bẹ̀bẹ̀ kó tó gbiná.

Òjé tún ńkọ́? Àwọn tó ń fẹ́ dín owó kù máa ń rò pé àwọn yóò yọ òjé lára bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, àwọn yóò sì fi da ọta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Májèlé ni òjé. Èéfín rẹ̀ àti eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀jẹ̀, ọmọ kékeré ló sì ń bà jẹ́ jù: ó ń ba ọpọlọ wọn jẹ́, kì í sì í rọrùn láti tún un ṣe. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn tó ń fọ́ òkúta góòlù nínú ilé wọn kò mọ̀ pé òjé wà nínú òkúta náà. Ọmọdé bí 400 ló kú. Kò tiẹ̀ yẹ ká lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní Ògìjo, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù tiwa níbí, tí wọ́n ti ń yọ́ òjé inú bátìrì, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ṣe ní 2025 fi hàn pé òjé ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ lára ọ̀pọ̀ aráàlú, àtọmọdé àtàgbà. Bí òjé bá ti wọ ìkòkò kan, ìkòkò náà kì í ṣe ti ọbẹ̀ mọ́. Ìyá tó bá rí ọkọ tàbí ọmọ tó ń yọ́ òjé lórí àdògán rẹ̀, kó pariwo, kó má tijú.

KÍ NI KÍ ỌDẸ WÁ ṢE?

Ọdẹ tó ní ìbọn katiríìjì, kó jẹ́ kí ìwé àṣẹ rẹ̀ pé, kó sì máa ra ọta lọ́wọ́ ẹni tí òfin gbà kó tà á. Bí ọta bá wọ́n, kó jẹ́ kí ojú àti sùúrù ṣe ìdajì iṣẹ́ náà: kó sún mọ́ ẹran kó tó yìn, kó má máa yìn sí ìró koríko. Ìyẹn náà ni kì í jẹ́ kí ọdẹ yìn èèyàn.

Alágbẹ̀dẹ tí wọ́n bá bẹ̀ pé kó bá wọn rọ dáì tàbí apá ẹ̀rọ náà, kó bi ẹni tó bẹ̀ ẹ́ pé ìwé àṣẹ dà. Ọmọ Ògún ni alágbẹ̀dẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n Ògún kọ́ ni yóò bá a dúró ní kóòtù. Ọkọ́, àdá àti férémù gàrí ṣì ń pa owó.

Ìdílé tí ẹran ìgbẹ́ ń bọ́, ẹ ronú sísin ọ̀yà tàbí ìgbín. Àwọn èèyàn ti ń sin ọ̀yà nínú àgò káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, koríko àti pàǹtí ẹ̀gẹ́ ni ó fẹ́ràn. Kì í béèrè kápù, kì í béèrè ètù, ọlọ́pàá kì í sì í kan ilẹ̀kùn nítorí rẹ̀. Owó tí ọdẹ ìbá fi ra ẹ̀rọ òkè òkun, tí kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tiẹ̀ tó dé ilé, lè kọ́ àgò, kó sì ra ìyá ọ̀yà.

Èwo wá ló dára jù nínú àwọn ẹ̀rọ náà? Fún ẹni tó ń gbé níbi tí òfin ti gbà á, tó ní ìwé ìwọ̀n lọ́wọ́, tó ní òṣùwọ̀n tó péye, ẹ̀rọ oníṣẹ́ kan tí wọ́n fi irin líle dà, tó rí bíi lẹ́tà O, ni ìbẹ̀rẹ̀ tó dára. Fún ọdẹ tó ń gbé ní Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹru tàbí Òde Rẹ́mọ, èyí tó dára jù ni èyí tí kò rà. Ẹni tó bá sì ti rà á tẹ́lẹ̀, kó wá amòfin lọ kíá, kó béèrè bí yóò ṣe bọ́ nínú rẹ̀, kó má dúró de ọjọ́ tí ọlọ́pàá yóò wá bi í.